Ìgbàpadà ipò oníbàárà nínú NFS

Ìgbàpadà ipò oníbàárà nínú NFS ni ọ̀nà tí sáfà fáìlì orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti àwọn kọ̀ǹpútà tí ń lò ó fi ń mú àdéhùn àárín wọn padà bọ̀ sípò lẹ́yìn tí sáfà bá kú tí wọ́n sì tún un tàn, tàbí lẹ́yìn tí ìsopọ̀ àárín wọn bá já. Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí fáìlì wà lórí rẹ̀. Oníbàárà ni kọ̀ǹpútà mìíràn tí ó ń ka fáìlì náà, tàbí tí ó ń kọ nǹkan sínú rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, bí ẹni pé orí dísìkì tirẹ̀ ni ó wà. Ohun tí a ń pè ní ipò níhìn-ín ni gbogbo ohun tí sáfà ní láti rántí nípa oníbàárà kan: fáìlì tí ó ṣí, àgádágodo tí ó fi sí fáìlì kí ẹlòmíràn má baà kọ nǹkan síbẹ̀, àti ìgbà tí sáfà gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn.

Bí ìgbàpadà yìí bá ní àléébù, kì í sábà pariwo. Ohun tí ó burú jù tí ó lè ṣẹlẹ̀ ni pé oníbàárà méjì yóò gbà pé àwọn nìkan ni àwọn ní àgádágodo orí fáìlì kan, àwọn méjèèjì yóò kọ nǹkan sínú rẹ̀, fáìlì náà yóò sì bàjẹ́ láìsí ẹni tí yóò mọ̀ títí di ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀. Ìdí nìyí tí apá yìí nínú iṣẹ́ sáfà fi gba ìṣọ́ra ju iyára lọ.

Ìtàn

Ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ní Amẹ́ríkà ni ó dá NFS sílẹ̀ ní ọdún 1984. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Network File System. Àwọn tí ó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí sáfà má ní ohun kan láti rántí nípa oníbàárà. Gbogbo ìbéèrè tí oníbàárà bá fi ránṣẹ́ ni ó gbé àlàyé ara rẹ̀ dání: fáìlì wo ni, láti ibo, báìtì mélòó. Bí sáfà bá kú lójijì, oníbàárà kàn ń tún ìbéèrè rẹ̀ rán títí sáfà yóò fi padà dé, iṣẹ́ a sì máa lọ. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ní láti gbà padà, nítorí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fi pamọ́ sọ́wọ́ sáfà. Ẹ̀yà kejì, tí a tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹta ọdún 1989 gẹ́gẹ́ bí RFC 1094, àti ẹ̀yà kẹta, RFC 1813 ti oṣù Kẹfà ọdún 1995, di èrò yìí mú.

Ṣùgbọ́n àgádágodo kò ṣeé ṣe láìsí ìrántí. Sáfà tí kò mọ ẹni tí ó ti fáìlì pa kò lè dá ẹlòmíràn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gbé iṣẹ́ títi fáìlì pa fún ìlànà ọ̀tọ̀ tí a ń pè ní NLM, tí wọ́n sì fi ìlànà kẹta, NSM, tì í lẹ́yìn, kí ó máa sọ fún ẹ̀rọ kan nígbà tí ẹ̀rọ kejì bá kú tí ó sì jí. Lórí Linux, ètò tí ó ń ṣe iṣẹ́ NSM ni rpc.statd, ó sì ń kọ orúkọ àwọn ẹ̀rọ tí ó ń bá ṣe pọ̀ sórí dísìkì. Àìlera ètò yìí kò pamọ́. Bí ìfitónilétí náà bá sọnù lójú ọ̀nà, ìgbàpadà kò ní wáyé. Bí oníbàárà bá sì kú tí kò jí mọ́, àgádágodo rẹ̀ yóò wà lórí fáìlì títí alábòójútó yóò fi fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́.

Ẹ̀yà kẹrin, NFSv4, yí èrò náà padà pátápátá. RFC 3010 ni ó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2000, RFC 3530 sì rọ́pò rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2003. Láti ìgbà náà ni ṣíṣí fáìlì àti títì í pa ti di ara ìlànà kan ṣoṣo, tí sáfà sì di ẹni tí ó ń rántí.

Ohun tí sáfà ń rántí

Oníbàárà NFSv4 máa ń kọ́kọ́ sọ ẹni tí òun í ṣe fún sáfà, nípasẹ̀ ìbéèrè tí a ń pè ní SETCLIENTID. Ohun méjì ni ó ń fi ránṣẹ́. Èkíní ni orúkọ, tí kò gbọdọ̀ yí padà bó ti wù kí a tan ẹ̀rọ náà padà tó. Èkejì ni àmì ìbẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà báìtì mẹ́jọ tí ó gbọ́dọ̀ yí padà ní gbogbo ìgbà tí a bá tan ẹ̀rọ náà. Bí sáfà bá rí orúkọ tí ó mọ̀ pẹ̀lú àmì tuntun, ó yé e pé oníbàárà náà ti kú, ó ti jí, gbogbo ohun tí ó dì mú tẹ́lẹ̀ sì ti dòfo. Sáfà yóò fún un ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan tí a ń pè ní clientid. Gbogbo fáìlì tí ó bá ṣí tàbí tí ó bá tì pa yóò sì ní nọ́ńbà tirẹ̀, stateid.

Abẹ́ ìyálò ni gbogbo rẹ̀ wà. Oníbàárà kò ni àgádágodo títí ayé. Ó yá a lò fún ìwọ̀n ìgbà kan ni, ó sì gbọ́dọ̀ máa fi hàn pé òun ṣì wà láàyè kí ìgbà náà tó pé. Lórí sáfà Linux, ìṣẹ́jú àáyá 90 ni ìyálò náà bí alábòójútó kò bá yí i padà. Bí oníbàárà bá dákẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, sáfà ní ẹ̀tọ́ láti gba ohun gbogbo lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì fún ẹlòmíràn. Èyí yanjú ọ̀ràn oníbàárà tí ó kú. Ti sáfà tí ó kú ni ó le.

Nígbà tí sáfà bá jí

Inú ìrántí kọ̀ǹpútà, tí ń parẹ́ bí iná bá lọ, ni àkọsílẹ̀ àgádágodo wọ̀nyí sábà máa ń wà, nítorí pé kíkọ gbogbo rẹ̀ sórí dísìkì yóò mú iṣẹ́ falẹ̀. Sáfà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí kò mọ ẹni tí ó ṣí fáìlì, kò sì mọ ẹni tí ó tì í pa. Àwọn oníbàárà ni ó mọ̀. Nítorí náà ni ìlànà ṣe ní kí sáfà kéde sáà oore-ọ̀fẹ́: fún ìwọ̀n ìgbà kan, kò ní fún ẹnikẹ́ni ní àgádágodo tuntun, àwọn tí ó ti ní i tẹ́lẹ̀ nìkan ni yóò máa wá gbà á padà. Ẹni tí ó bá béèrè tuntun ní àsìkò yìí yóò gba èsì NFS4ERR_GRACE, yóò sì ní láti dúró. Ẹni tí ó bá wá gba tirẹ̀ padà lẹ́yìn tí sáà náà ti parí yóò gba NFS4ERR_NO_GRACE. Ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Báwo ni oníbàárà ṣe ń mọ̀ pé sáfà ti kú rí? Sáfà Linux máa ń fi àkókò tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sínú clientid. Ìdajì nínú bíìtì 64 rẹ̀ ni àkókò náà. Bí oníbàárà bá mú nọ́ńbà àtijọ́ wá, sáfà yóò rí i pé kì í ṣe ti ìgbà tòun, yóò sì fi NFS4ERR_STALE_CLIENTID dá a lóhùn. Èsì yìí ni ó ń rán oníbàárà lọ síbi ìgbàpadà. Ó yàtọ̀ sí NFS4ERR_EXPIRED, tí ó túmọ̀ sí pé sáfà kò kú, ìyálò oníbàárà ni ó tán. Ó tún yàtọ̀ sí NFS4ERR_BAD_STATEID, tí ó túmọ̀ sí pé nọ́ńbà tí oníbàárà mú wá kò bá ipò kankan mu. Èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jọ ara wọn lójú ẹni tí ń kọ ètò, ṣùgbọ́n ohun tí oníbàárà yóò ṣe lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò jọra rárá. Bí sáfà bá fi BAD_STATEID dáhùn níbi tí ó yẹ kí ó ti sọ pé òun ti kú rí, oníbàárà kò ní mọ̀ pé sáà oore-ọ̀fẹ́ ń lọ lọ́wọ́, yóò sì pàdánù àgádágodo tí ìbá gbà padà.

Oníbàárà olóòótọ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe òtítọ́ mọ́

Ìlànà òkè yìí ní ihò kan: sáfà gba ọ̀rọ̀ oníbàárà gbọ́. Bí oníbàárà bá sọ pé òun ni òun ní àgádágodo kí iná tó lọ, kí ni sáfà tí kò rántí nǹkan kan yóò fi já a níró? RFC 3530 ṣàpèjúwe ọ̀nà méjì tí ọ̀rọ̀ yìí lè gbà bàjẹ́.

Nínú àkọ́kọ́, oníbàárà A ti fáìlì kan pa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì àárín òun àti sáfà já. Ìyálò A tán, sáfà gba àgádágodo náà, ó sì fún oníbàárà B tí ó ti ń dúró. B kọ ohun tí ó fẹ́ kọ, ó dá àgádágodo padà, ó bá tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni sáfà kú, tí ó sì jí. Ìgbà yìí gan-an ni ìsopọ̀ A padà sípò. A kò gbọ́ rárá pé ìyálò òun ti tán. Ohun kan ṣoṣo tí ó gbọ́ ni STALE_CLIENTID, tí ó sọ fún un pé sáfà kú. Ó wá nínú sáà oore-ọ̀fẹ́, ó béèrè àgádágodo rẹ̀ padà, sáfà sì fún un. A ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lórí ohun tí ó kà kí B tó yí i padà. Nígbà tí ó bá kọ ọ́ sílẹ̀, iṣẹ́ B ti parẹ́ nìyẹn.

Ìkejì jọ ọ́, ṣùgbọ́n ó gba kí sáfà kú lẹ́ẹ̀mejì. A ní àgádágodo; sáfà kú, ó jí; ìsopọ̀ A já kí ó tó gba tirẹ̀ padà, sáà oore-ọ̀fẹ́ sì kọjá lórí rẹ̀. B gba àgádágodo náà, ó lò ó, ó dá a padà. Sáfà tún kú, ó tún jí, A sì padà dé nínú sáà oore-ọ̀fẹ́ kejì. Sáfà tí ó bá kàn ń rántí pé A ti bá òun ṣe pọ̀ rí yóò gbà á wọlé.

Sáfà lè sá fún méjèèjì nípa kíkọ̀ fún gbogbo ènìyàn láti gba ohunkóhun padà. Kò sí fáìlì tí yóò bàjẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo iṣẹ́ tí ó ń lọ lọ́wọ́ ni yóò dàrú ní gbogbo ìgbà tí a bá tan sáfà padà. Ọ̀nà tí ó dára jù ni pé kí sáfà kọ ìwọ̀nba nǹkan sórí dísìkì: kì í ṣe gbogbo àgádágodo, bí kò ṣe orúkọ oníbàárà tí ó ní ipò lọ́wọ́ òun. Orúkọ náà ń wọ inú ìwé kí sáfà tó gbà pé oníbàárà ti ṣí fáìlì àkọ́kọ́ rẹ̀. Ó ń kúrò níbẹ̀ nígbà tí sáfà bá gba ipò rẹ̀ nítorí pé ìyálò rẹ̀ tán, èyí tí ó dí ihò àkọ́kọ́. Nígbà tí sáà oore-ọ̀fẹ́ bá sì parí, orúkọ gbogbo ẹni tí kò wá gba tirẹ̀ padà ni a ó pa rẹ́, èyí tí ó dí ìkejì. Lẹ́yìn èyí, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé kò lè gba nǹkan kan padà, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn tó.

Ibi tí àléébù máa ń wọlé sí ni ètò ìtẹ̀léra. Bí sáfà bá kọ́kọ́ dá oníbàárà lóhùn, tí ó wá ń kọ orúkọ rẹ̀ sórí dísìkì lẹ́yìn náà, iná lè lọ láàárín méjèèjì, a ó sì kọ̀ fún oníbàárà tí kò ṣẹ̀. Bí ó bá fún B ní àgádágodo kí píparẹ́ orúkọ A tó dé orí dísìkì, ihò àkọ́kọ́ tún ṣí sílẹ̀. Àṣìṣe méjèèjì kò wọ̀n bákan náà: àkọ́kọ́ ń da iṣẹ́ ẹnìkan rú lójú rẹ̀, ìkejì ń ba fáìlì jẹ́ lẹ́yìn gbogbo ènìyàn. Bí ẹni tí ń tún sáfà ṣe kò bá lè yẹra fún méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, àkọ́kọ́ ni kí ó fara mọ́.

Àtúnṣe lórí Linux

Sáfà NFS inú kernel Linux, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ nfsd, kọ́kọ́ lo fódà /var/lib/nfs/v4recovery fún iṣẹ́ yìí. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní fódà kékeré kan níbẹ̀, orúkọ fódà náà sì jẹ́ àbájáde ìṣirò MD5 lórí orúkọ oníbàárà, tó bẹ́ẹ̀ tí alábòójútó tí ó bá wo ibẹ̀ kò lè fi ojú lásán mọ ẹni tí ó ni èwo. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kernel fúnra rẹ̀ ni ó ń dá fódà tí ó sì ń pa á rẹ́, iṣẹ́ tí ó yẹ ètò tí ó wà lóde kernel jù.

Ní ọdún 2012 ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún nfsdcld, ètò tí ó ń wà lójúfò nígbà gbogbo. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú nfsdcltrack, tí kernel ń pè nígbà tí ó bá nílò rẹ̀ nìkan, kí alábòójútó má baà ní ètò mìíràn tí yóò máa ṣọ́. Ìrọ̀rùn yìí ní owó tirẹ̀. Ètò tí kernel bá pè lọ́nà bẹ́ẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ntéínà, ìyẹn àyè tí a pààlà sọ́tọ̀ fún ètò kan lórí kọ̀ǹpútà. Sáfà tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ntéínà kò wá ní ìwé orúkọ, àwọn oníbàárà rẹ̀ kò sì lè gba àgádágodo wọn padà lẹ́yìn títàn padà. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe mú nfsdcld padà wá ní ọdún 2019.

Ohun tí ó wuni jù nínú nfsdcld tuntun ni bí ó ṣe ń pa orúkọ mọ́. Inú àkójọ SQLite ni ó ń kọ wọ́n sí, lábẹ́ sáà tí a fi nọ́ńbà sí. Nígbà tí sáfà bá jí, ìwé àtijọ́ di ìwé ìgbàpadà, ìwé tuntun sì ṣí. Oníbàárà tí ó bá wá gba tirẹ̀ padà ni orúkọ rẹ̀ ń wọ inú ìwé tuntun. Ìgbà tí sáà oore-ọ̀fẹ́ bá parí ni wọ́n tó ju ìwé àtijọ́ nù. Bí sáfà bá tún kú láàárín sáà náà, ìwé àtijọ́ ṣì wà ní odindi. Wọ́n á nu ìwé tuntun tí kò tíì parí, ìgbàpadà á sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé àtijọ́ náà. Kò sí ìgbà kankan tí dísìkì gbé ìwé tí a pa díẹ̀ rẹ́ tí a fi díẹ̀ sílẹ̀.

Orúkọ kan fún ẹni méjì

Àléébù kan wà tí sáfà kò jẹ̀bi rẹ̀, tí wọ́n sì sábà máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù ú. Orúkọ tí oníbàárà Linux ń fi ránṣẹ́ sí sáfà dúró lórí orúkọ kọ̀ǹpútà náà. Bí ẹnìkan bá ṣe ẹ̀dà kọ̀ǹpútà kan sí ogún, tí gbogbo wọn sì ń jẹ́ localhost, orúkọ kan náà ni sáfà yóò máa gbọ́ láti ẹnu ogún ẹ̀rọ, pẹ̀lú àmì ìbẹ̀rẹ̀ tí ó yàtọ̀. Lójú sáfà, oníbàárà kan ṣoṣo ni ó ń kú tí ó ń jí láìsinmi. Ní gbogbo ìgbà tí ọ̀kan bá sọ̀rọ̀, sáfà á kó ipò èyí tí ó sọ̀rọ̀ ṣáájú dànù. Ìyẹn náà á rí i pé òun ti pàdánù, á tún padà wá, á sì lé ẹlòmíràn jáde.

Alábòójútó á rí i pé iṣẹ́ ń lọ lọ́sàn-án, ó ń dúró lálẹ́, àgádágodo ń sọnù láìnídìí. Àtúnṣe rẹ̀ kò sí nínú kóòdù sáfà rárá: kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, tàbí kí a fún un ní àmì aláìlẹ́gbẹ́ nípasẹ̀ nfs4_unique_id, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ètò kernel. Fún kọ̀ntéínà, fáìlì /sys/fs/nfs/net/nfs_client/identifier ni a ń kọ ọ́ sí. Níbi tí a bá ti ń lo Kerberos, sáfà lè rí i pé ẹni tí ó ń jẹ́ orúkọ náà báyìí kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́, yóò sì fi NFS4ERR_CLID_INUSE kọ̀ fún un.

Wíwá àléébù rí

Oníbàárà Linux ní apá kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìgbàpadà nìkan, tí a ń pè ní state manager. Bí èsì sáfà bá ní kí ó gba ipò padà, yóò gbà á padà, yóò sì tún ìbéèrè rán. Bí sáfà bá tún fi èsì kan náà dá a lóhùn, yóò tún padà lọ. Sáfà àti oníbàárà lè máa yí po báyìí láìdúró, olúkúlùkù ní ìdánilójú pé òun ń tẹ̀lé ìlànà. Kì í ṣe inú kóòdù ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wá ìdí rẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ tí ó ń kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kí a gbà sílẹ̀ pẹ̀lú tcpdump, kí a sì fi Wireshark kà á, nítorí pé èsì àkọ́kọ́ tí kò bá ìlànà mu ni ó ń sọ ẹni tí ó ṣìnà.

Ihò àkọ́kọ́ tí a ṣàpèjúwe lókè ṣeé dán wò pẹ̀lú kọ̀ǹpútà mẹ́ta. A ó jẹ́ kí A ti fáìlì pa, a ó dí ọ̀nà A sí ibùdókọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì 2049 tí NFS ń gbà, a ó dúró kọjá ìṣẹ́jú àáyá 90, a ó jẹ́ kí B ti fáìlì kan náà pa kí ó sì ṣí i, a ó dá iṣẹ́ nfsd dúró kí a sì tún un bẹ̀rẹ̀, a ó wá ṣí ọ̀nà A. Bí A bá rí àgádágodo rẹ̀ gbà padà, sáfà náà ní àléébù. Àwọn tí ń kọ sáfà tún ní pynfs, àkójọ ìdánwò tí a fi Python kọ, tí ó ní apá tí ó ń dán títàn padà wò.

NFSv4.1 àti lẹ́yìn rẹ̀

RFC 5661 ti oṣù Kìíní ọdún 2010 mú NFSv4.1 wá, RFC 8881 rọ́pò rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020. EXCHANGE_ID gba ipò SETCLIENTID, oníbàárà sì gbọ́dọ̀ fi RECLAIM_COMPLETE sọ pé òun ti gba gbogbo tòun padà tán. Sáfà tí ó ní ìwé orúkọ lè máa fàlà sí orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí gbogbo wọn bá ti sọ̀rọ̀, kò sí ìdí láti dúró kí sáà oore-ọ̀fẹ́ pé. Ní ọdún 2022, Linux 5.19 fi ìyọ́nú kún un: sáfà kò tún ń kó ipò oníbàárà dànù kété tí ìyálò rẹ̀ bá tán, ó ń dì í mú fún un títí ẹlòmíràn yóò fi béèrè ohun tí ó tako ó.

Ó kù kí a sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí oníbàárà tí wọ́n kọ̀ fún. Linux kì í tún àgádágodo tí ó sọnù gbà ní kọ́lọ́fín kí ó sì máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀; ètò tí ó ní àgádágodo náà á rí àṣìṣe EIO nígbà tí ó bá fẹ́ kà tàbí kọ. Alábòójútó lè fi recover_lost_locks yí èyí padà, ṣùgbọ́n ìwé àlàyé kernel kìlọ̀ pé ó lè ba fáìlì jẹ́, pípa ni ó sì wà bí a kò bá fọwọ́ kàn án.